Abọ́ Kan fún Sájẹ́ńtì àti Àlùfáà

Oko Ọba, Agége
4 Fẹ́búárì 1990

Ìbílọlá ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ṣì wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ tó bímọ, ó ní àfi tí ọmọ náà bá ń rákò kí òun tó kúrò níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà ní apá tiwa nínú ilé yìí, èmi àti ẹran rẹ méjèèjì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aláṣọ ti dá wa dúró nítorí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yìí, àwọn gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ìwọ tí mo bí, lẹ́yìn káàdì ọdún tuntun, mi ò tún gbúròó rẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹran náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. O rántí ọjọ́ tó o kó ẹmọ́ òyìnbó méjì yìí wálé láti ilé iṣẹ́ olóògùn tó o ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkejà, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa gbogbo èyí tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. O ní akọ ni àwọn méjèèjì, ìyá kan náà ló bí wọn, wọn ò sì gbé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó pupa rúsúrúsú ni Sájẹ́ńtì, èyí tó ní funfun lórí bíi láwàní ni Àlùfáà. Látìgbà tó o ti lọ, orí ara wọn ni wọ́n ń sùn.

Ní báyìí, wọ́n ti ń jà. Wọn a máa payín keke síra wọn, wọn a máa yí ara wọn po bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì, irun sì ń já sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ló ní kí n yà wọ́n. Àwọn míì ní kí n yan wọ́n jẹ, bí ọbẹ̀ ṣe rí ní ìlú yìí lónìí, mi ò sì rò pé wọ́n ń ṣeré.

Èmi ò fẹ́ yà wọ́n. Ṣé ahọ́n àti eyín kì í jà ni? Abọ́ kan ni ìyá wa fi ń parí ìjà èmi àti Dàwódù ẹ̀gbọ́n mi nígbà tá a wà ní kékeré. Tá a bá ti lu ara wa, abọ́ kan náà ni yóò bu ẹ̀bà wa sí, a ó jókòó kojú síra wa títí yóò fi tán. Dàwódù a máa yọ́ ẹran mi mú, èmi a máa sunkún, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú a ti jọ ń ṣeré. Nítorí náà, mo ti kó abọ́ wọn kejì kúrò. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ wọn, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ: ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀, àbí kí n yà wọ́n?

Tètè fèsì, má ṣe bí ìṣe rẹ.

Bàbá rẹ,
Wahab

Leeds
2 Máàṣì 1990

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìrí Màmá nílé. Ẹ má bínú pé n ò kọ̀wé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo bá fi máa délé, bàtà gan-an kì í ṣeé bọ́. Àná ni lẹ́tà yín wọlé.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá abọ́ kejì padà. Mo mọ̀ pé abọ́ kan ni Ìyá Àgbà fi tún yín ṣe, ṣùgbọ́n èèyàn lẹ̀yin. Akọ méjì yìí, tí oúnjẹ bá wà lójú kan, èyí tó lágbára á jókòó tì í, èkejì á máa wò ó. Ohun gbogbo ní láti jẹ́ méjì-méjì: abọ́ méjì, omi méjì, ibi ìsápamọ́ méjì, kí wọ́n sì jìnnà síra. Àpótí tí wọ́n ń sùn, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òmíràn sí i lẹ́yìn, kí èyí tí wọ́n ń lé lè rí ibi sá gbà.

Ẹ má tíì yà wọ́n. Ipò ni wọ́n ń dù, ìyẹn ò tíì di ìjà. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ yà wọ́n, ẹ má dúró de lẹ́tà mi, nítorí bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá Àgbà Dàwódù, ògiri kan ló sì wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bá wọn sọ ọ́. Ó ń lọ sí ọdún kan tí ẹ ò ti bá ara yín sọ̀rọ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn.

Ọmọ yín,
Ìbílọlá

Oko Ọba, Agége
25 Máàṣì 1990

Ìbílọlá,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo kí ọ. Ara mi le.

Ìwọ lo wá ń pòwe fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó o má bàa tún pe orúkọ yẹn sí mi létí mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjà SAP gba ìgboro lọ́dún tó kọjá ni ìyá mi kú. Ìlọrin ni mo wà, níbi ìgbéyàwó, wọ́n fi tẹlifóònù sọ fún mi. Mo gbéra lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti dí ọ̀nà, táyà ń jó lójú títì, ẹsẹ̀ ni mo fi rin èyí tó pọ̀ jù nínú ìgboro Èkó. Nígbà tí mo fi máa délé lọ́jọ́ kejì, Dàwódù ti sin ìyá mi. Mo mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó lè dúró dè mí di òwúrọ̀. Mi ò rí ojú ìyá mi, erùpẹ̀ ni mo rí. Ọjọ́ yẹn ni mo fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn tó wà láàárín apá tiwa àti apá tiẹ̀. Ìwọ wá ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi lu ihò sí àpótí.

Ní ti àwọn ẹran, ọgbọ́n ìyá mi ti borí ìwé tó o kà. Abọ́ kan náà ni mo ń lò, ìjà sì ti parí. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àlùfáà á jẹun tiẹ̀ tán, á wá dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àpótí. Sájẹ́ńtì á dúró jẹ́ẹ́ sínú lọ́hùn-ún, kì í janpata mọ́. Ó ti mọ̀ pé Àlùfáà ni ẹ̀gbọ́n. Abọ́ méjì kẹ̀, ilé tó ti fọ́ ni wọ́n ti ń lò ó.

Àwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Tó o bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rán an sí mi. Èyí tí wọ́n ń tà ní Agége ti kọjá agbára mi.

Wahab, bàbá rẹ

Leeds
16 Épírì 1990

Bàbá mi,

Ẹ kú àwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Oògùn yín ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ wa ń bọ̀ wá sí Èkó, òun ló máa mú un wá.

Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àlàáfíà. Àlùfáà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Sájẹ́ńtì ò rí ibi gbà jáde wá jẹun, ẹ wá rò pé ó gbà. Ẹ gbé e lọ́wọ́ nísinsìnyí, ẹ fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí eegun bá ń gún yín lọ́wọ́, ebi ló ń pa á. Bàbá, ẹran tí ebi bá pa dé ibẹ̀ yẹn, ọjọ́ kan ni yóò kọ̀, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò sì fa ara wọn ya. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé abọ́ kejì sílẹ̀.

Ní ti Ìyá Àgbà, èmi náà ò rí ojú wọn. Inú ilé ìwẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti sunkún, kí àwọn aláwọ̀ funfun má bàa máa bi mí ní ìbéèrè. Èmi ò rí ẹni bínú sí. Ẹ̀yin rí, ṣùgbọ́n n ò rò pé ó dín ẹkún yín kù.

Ọmọ yín,
Ìbílọlá

Leeds
24 Épírì 1990

Bàbá Àgbà mi, Bàbá Dàwódù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú àwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé èmi ọmọ Wahab ń kọ̀wé sí yín. Rédíò ní àwọn sójà kan fẹ́ gba ìjọba lọ́jọ́ Àìkú, pé ìbọn dún káàkiri Èkó, pé ó dé Ìkejà. Mo pe tẹlifóònù ilé epo tó wà lójú títì yín títí, kò wọlé. N ò mọ̀ bóyá bàbá mi wà láàyè. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ògiri. Tí ẹ bá ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èkejì, ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹmọ́ òyìnbó tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi máa para wọn. Ó ń fi abọ́ kan bọ́ wọn bí Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe fún yín, kò sì gbọ́ tèmi. Tí ẹ bá gbọ́ igbe wọn nígbà tí kò sí nílé, ẹ wọlé mú èyí tó pupa. Ẹ kan ilé fún wọn, kí nẹ́ẹ̀tì onírin wà láàárín. Ẹ má gbé wọn jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi ní gbóòórùn ara wọn.

Ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo rán yín.

Ọmọ yín,
Ìbílọlá

Oko Ọba, Agége
21 Mée 1990

Ìbílọlá,

Mo wà láàyè. Nọ́ọ̀sì mú oògùn dé, mo dúpẹ́. Ìró ìbọn náà dé etí wa láti ìhà báráàkì Ìkejà, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì fa àpótí àwọn ẹran mọ́ra. Ó ti kọjá. A ti ṣọdún ìtúnu àwẹ̀ náà. Èmi nìkan ni mo jẹ sààrì, èmi nìkan ni mo ń ṣínu, títí àwẹ̀ fi parí.

Òótọ́ lo sọ lórí Sájẹ́ńtì. Mo gbé e lọ́wọ́, eegun ni. Mo gbé abọ́ kejì sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń múra mọ́ṣáláṣí, mo gbọ́ irú igbe tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ti di mọ́ra wọn, tówẹ̀lì ni mo fi já wọn. Ẹ̀jẹ̀ wà létí Sájẹ́ńtì, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé e sínú páálí, mo ní kí n sáré kírun, tí mo bá dé kí n wá ojútùú sí i. Nígbà tí mo dé, páálí ti ṣófo.

Dàwódù ni. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mi, ó gbé e lọ. Mo ń gbọ́ ohùn Sájẹ́ńtì lẹ́yìn ògiri. Mo dúró níwájú búlọ́ọ̀kù, mo lọgun pé kó dá ẹran mi padà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá a sọ̀rọ̀. Ó dáhùn pé, "Wahab, tó o bá fẹ́ rí i, gba iwájú wá." Mo ní mi ò ní wá. Ìyá mi, kò dúró dè mí. Ẹran tí ọmọ mi fi sí mi lọ́wọ́, kò dúró dè mí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí yóò mú nǹkan lẹ́yìn mi.

Àlùfáà ò jẹun bó ṣe yẹ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé abọ́ méjèèjì di tiẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ò wù ú, eèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wù ú. Ó kọjú sí ògiri, ibi tí ohùn yẹn ti ń wá.

Màá pe àwọn àgbà ẹbí. Kó dá ẹran mi padà, àbí kí n kó lọ bá ìyá rẹ ní Ìbàdàn, kí n fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún un.

Wahab

Leeds
11 Júùnù 1990

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ẹ má pe àwọn àgbà ẹbí, èmi ni. Èmi ni mo kọ̀wé sí Bàbá Àgbà pé kí wọ́n wọlé mú Sájẹ́ńtì, èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ. Ẹ̀rù ìbọn ló bà mí, n ò gbúròó yín. Èmi ni kí ẹ bínú sí.

Wọ́n fèsì sí mi. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ: "Bàbá rẹ wà láàyè. Mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láràárọ̀, láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ ọ." Kò sí nǹkan míì nínú lẹ́tà náà.

Bàbá, tí Àlùfáà bá ṣì wà láàyè, ẹ gbé e lọ bá ìkejì rẹ̀. Akọ méjì tó jọ dàgbà, tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde láàárín wọn, wọn ò lè gbé inú ilé kan mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dá gbé náà, wọ́n máa ń kú sí i. Nẹ́ẹ̀tì ló máa tún un ṣe. Ẹ gba iwájú lọ.

Tí ẹ bá sì kó lọ sí Ìbàdàn, ta ló máa máa gbọ́ ikọ́ yín?

Ìbílọlá

Leeds
1 Júláì 1990

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Iléyá. N ò rí lẹ́tà. Tí ẹ ò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ kàn fi káàdì kékeré kan ránṣẹ́ kí n rí ìkọ̀wé yín lẹ́yìn rẹ̀. Tí Àlùfáà bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Mo lè gbà á.

Ìbílọlá

Oko Ọba, Agége
8 Júláì 1990

Ìbílọlá ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù, kú ọdún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó fèsì. Inú ló bí mi. Kí ọmọ mi kọ̀wé sí ẹlòmíì lẹ́yìn mi, kó tún ní kí onítọ̀hún má sọ fún mi. Má dán an wò mọ́. Mo ti bínú tán, ó ku díẹ̀.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Lọ́jọ́ kejì tí mo kọ̀wé sí ọ, Àlùfáà ò dìde mọ́. Mo mú ewé sí i lẹ́nu, ó yíjú sí ògiri. Mo jókòó tì í, mo wá rò ó pé tí mo bá dúró de àwọn àgbà ẹbí, òkú ẹran ni wọ́n máa bá. Mo gbé e sínú fìlà mi, mo mú ọ̀rá ewé dání, mo gba iwájú ilé lọ. Àwọn ayálégbé ń wò mí. Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn tí Sájẹ́ńtì ti gbọ́ ìró ọ̀rá, ló bá figbe ta bó ṣe máa ń ṣe tí oúnjẹ bá ń bọ̀. Àlùfáà gbórí sókè nínú fìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn. Mi ò kí wọn, wọn ò kí mi. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ti kan ilé tuntun fún àwọn ẹran náà, pákó tó dáa, nẹ́ẹ̀tì onírin wà láàárín. Sájẹ́ńtì wà lápá kan, wọ́n ti fi oògùn kun etí rẹ̀. Apá kejì ṣófo. Koríko tútù wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, abọ́ wà níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n tọ́jú èyí dè.

Wọ́n ní, "Wahab, mo dúró dè ọ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Mo gbé Àlùfáà sí àyè rẹ̀. Ó wọ́ lọ sídìí nẹ́ẹ̀tì, Sájẹ́ńtì náà wá, wọ́n fi imú kan ara wọn. Sájẹ́ńtì payín keke díẹ̀, bí ẹni tó ń rojọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àlùfáà jẹ ewé kan, mo sì sunkún lójú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n sọ fún mi pé Lèmọ́mù ló ní kí ilẹ̀ má ṣú bá òkú, pé àwọn èèyàn ń sọ pé ọ̀nà lè má ṣí fún ọ̀sẹ̀ kan, pé ẹ̀rù ba àwọn. Wọn ò ní kí n dárí ji àwọn, èmi náà ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì dárí jì wọ́n tán, kí n má parọ́ fún ọ.

Àwọn ẹran ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Àlùfáà ti sanra. Wọ́n máa ń fẹ̀yìn ti ara wọn sùn, nẹ́ẹ̀tì láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá yá ká yọ nẹ́ẹ̀tì náà wò. Mo ní rárá, kí nẹ́ẹ̀tì wà. Èmi ni mò ń gé koríko wọn láràárọ̀, nítorí náà mò ń gba iwájú kọjá. Búlọ́ọ̀kù ṣì wà níbi tó wà.

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá jẹun. Abọ́ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀, ọ̀kan níwájú mi, ọ̀kan níwájú wọn. Mo wo abọ́ méjèèjì, wọ́n rí i pé mò ń wò ó. A jẹun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n jẹ tèmi tán, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sínú abọ́ mi, wọ́n mú ẹran tí mo fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bà, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu. Mo jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Wahab